Iye Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́tà dé láti báńkì ìjọba. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí mi níwájú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu iye èlé, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà àkọ́kọ́ inú mi dùn. Nígbà kejì ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Nígbà kẹta mo dìde lọ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀ wá gba ìwé náà padà.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí, ojú ewé méjìlélógójì, kí n tó lè sọ gbólóhùn kan péré: bí báńkì ìjọba bá gbé èlé sókè gidi, láàárín oṣù méjì ọ̀wọ́n ọjà á dúró. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí orúkọ wọn wà lára ìwé náà pẹ̀lú tèmi, wà lára àwọn mẹ́sàn-án tó ń dìbò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọ̀gá fúnra wọn ló pè mí lórí fóònù.

"Ṣé o ti rí lẹ́tà? Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún la fẹ́ fi kún èlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ṣì ń ṣiyèméjì. Ìwọ lo máa wá là wọ́n lójú."

Mo dúpẹ́. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí àbúrò mi.

Ọjọ́bọ̀, 9

Òjò láti àárọ̀. Búrẹ́dì ńlá ti kúrò ní ẹgbẹ̀rún kan, ó ti di ẹgbẹ̀fà.

Mo yà sí ibi iṣẹ́ àbúrò mi. Èmi àti òun nìkan ni Màámi bí. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá ló yáwó ní báńkì ra ààrò ńlá kan, aláwọ̀ fàdákà, tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Èlé tó ń san ń tẹ̀ lé ti báńkì ìjọba ni: tiyẹn gòkè, tiẹ̀ náà gòkè. Ènìyàn mẹ́jọ ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Ó ti gbọ́. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wọn gbé èlé lọ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbé e débẹ̀, ẹ bá mi gbé àkàsọ̀ dání o."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń po fúláwà náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí ọ̀wọ́n ọjà bá dúró, ìyẹn náà á ṣe é láǹfààní. Ó ní, "Bí mo bá ṣì wà níbẹ̀, Àǹtí."

Àìkú, 12

Èyí ṣòro láti kọ. Ṣùgbọ́n kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo tẹ́ àwọn ìwé tí màá gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ sórí tábìlì. Màámi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí orúnkún wọn ti ń dà wọ́n láàmú, fa àga sún mọ́ mi. Aránṣọ ni wọ́n jẹ́ fún ogójì ọdún, wọn kì í rí ìlà kí wọ́n má fọwọ́ tọ̀ ọ́.

"Ìlà kí nìyí?"

"Iye oúnjẹ lọ́jà ni, Màámi. Ibi tó ti gòkè, oúnjẹ wọ́n."

Ìka wọn rìn lọ lórí ìlà náà títí ó fi dé ibi tó tẹ́. "Ibí yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi wà. Wọ́n gbé èlé sókè, lẹ́yìn oṣù méjì oúnjẹ kò wọ́n sí i mọ́. Oṣù márùn-ún gbáko."

"Ọdún wo nìyẹn?"

Mo sọ ọdún náà. Màámi yọ gíláàsì ojú wọn.

"Ọdún tí ọjà ńlá jóná? Ta ló sọ fún ọ pé oúnjẹ kò wọ́n? Ìwọ wà lókè òkun nígbà yẹn, ò ń kàwé. Àlùbọ́sà kan ṣoṣo ni mo ń gé sí mẹ́rin. Àbúrò rẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú kejì wá òróró. Ọmọ mi, níbo lẹ ti rí iye tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀?"

Mo mọ̀ nípa iná náà. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n ibi kan ni mo gbé iná náà sí nínú orí mi, ibòmíràn ni mo gbé iye ọjà sí, n kò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé rí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹniẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Màámi bi mí pé ṣé kí àwọn gbé tíì wá. Mo ní rárá.

Ìṣẹ́gun, 14

Mo ṣí àwọn ìwé ìpìlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ iye ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, iye àròpọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìṣirò bá gbé jáde là ń lò. Ta ni yóò jókòó máa ka iye iyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan? Mo ka iyọ̀ lónìí. Mo ka òróró, mo ka ìrẹsì, mo ka ọṣẹ ìfọṣọ.

Ní ọjà ńlá, iye òróró lóṣù kẹrin ọdún náà, bákan náà lóṣù karùn-ún, bákan náà lóṣù kẹfà, títí dé oṣù kẹjọ. Kò yẹ̀ rárá, kò fi ẹyọ owó kan lé, kò fi ẹyọ owó kan dín. Iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì bẹ́ẹ̀. Kò sí ọjà tí iye rẹ̀ ń dúró gbagidi báyìí láyé. Ìdá méjì nínú márùn-ún iye oúnjẹ tí mo fi ṣe iṣẹ́ mi ló sì wá látinú ọjà yẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó lẹ́wà.

Ẹtì, 17

Mo rí ẹni tó ń béèrè iye ọjà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú bírò àti pátákó ìkọ̀wé, débi pé Èló-ni ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé lókè ilé aláwọ̀ ewé kan. Bàtà wọn mẹ́rin, tí gìgísẹ̀ gbogbo wọn ti jẹ, ni wọ́n tò sẹ́bàá ògiri.

Mo gbé ìwé náà fún wọn. Wọn kò wò ó pẹ́.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi nìyí."

"Bàbá, iye yìí kò yí padà fún oṣù márùn-ún."

"Báwo ni yóò ṣe yí padà? Ọjà ti jóná. Ta ni mo fẹ́ bi? Eérú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá wọn dúró. "Òfin wa ni pé bí ìsọ̀ bá tì, kí a tún iye oṣù tó kọjá kọ. Wọ́n ṣe òfin yẹn fún onísọ̀ tó lọ sin òkú, tí yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé ẹ jẹ́ kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó ní ìwé tó lófìfo, wọn ò ní gbà á lókè. Mo bá ń tún un kọ. Àwọn oníṣòwò ti fọ́n ká sí etí títì, wọ́n ń ta ọjà ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n etí títì kò sí nínú ìwé mi."

Mo sọ ohun tí mo fi iye náà ṣe fún wọn. Wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Iná jó ọjà, ìwé yín wá dára." Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣe ni wọ́n káàánú mi, ìyẹn sì burú ju yẹ̀yẹ́ lọ. Wọ́n buwọ́ lu ìwé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọjọ́rú, 22

Mo yọ ọjà ńlá kúrò, mo fi iye ìlú mẹ́ta tó wà nítòsí dípò, mo tún ìṣirò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìlà tó tẹ́ kò tẹ́ mọ́. Ó ń gòkè ni.

Kì í ṣe pé mo ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé èlé gíga kò wúlò o. Ó lè wúlò. Ó lè má wúlò. N kò mọ̀. Ọdún mẹ́rin, ojú ewé méjìlélógójì, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án yẹn rò pé mo mọ̀, wọ́n sì fẹ́ gbé ẹrù tó tó báyìí lé gbogbo ayé lórí nítorí pé mo mọ̀.

Àbámẹ́ta, 25

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlùbọ́sà mẹ́ta ni wọ́n ń tà ní iye tí wọ́n fi ń ta márùn-ún tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 29

Mo lọ bá Ọ̀gá. Ọ́fíìsì wọn kò yí padà láti ìgbà tí mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: ìwé dé àjà, àga onírọ̀gbọ̀kú kan tí kò sẹ́ni tó láyà àtijókòó sí, fèrèsé tí wọn kì í ṣí. Mo gbé ìwé Bàbá Èló-ni síwájú wọn, mo gbé ìlà tuntun tì í. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà.

"Mo wà ńlé lọ́dún tí ọjà jóná," wọ́n ní. "Mo rí èéfín rẹ̀ láti fèrèsé yìí."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ nípa iye yìí ni?"

"N kò mọ̀. N kò sì béèrè." Wọ́n to àwọn ìwé náà pa pọ̀, wọ́n dá wọn padà fún mi. "Tẹ́tí sí mi. Èlé gbọ́dọ̀ gòkè, ìwé rẹ wà o, ìwé rẹ ò sí o. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ. Jẹ́ kí ìpàdé yìí kọjá. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, kọ àtúnṣe jẹ́jẹ́, èmi náà á buwọ́ lù ú."

"Bó bá jẹ́ pé àtúnṣe ló tọ̀nà ńkọ́?"

"Ìwé tí mo kọ lórí ìgbéga rẹ sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn," wọ́n fi àgbọ̀n júwe fáìlì kan. "N kò tíì fi ránṣẹ́."

Wọn kò bú mi. Wọn kò gbé ohùn sókè. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún àbúrò mi. N kò lérò láti sọ, mo kàn lọ ra búrẹ́dì ni. A dúró sẹ́bàá ààrò ńlá, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí wa lójú. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Màámi dé orí fáìlì Ọ̀gá.

Ó gbọ́ tán. "Àǹtí, ṣé òótọ́ lohun tẹ́ ẹ rí?"

"Òótọ́ ni."

"Ó tán nìyẹn. Ẹ sọ ọ́."

"O ò mọ̀ wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni pé ta ló máa jàǹfààní rẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n má gbé èlé sókè, tí àbúrò mi ọmọ ìyá mi jẹ báńkì ní gbèsè, ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọn á ní nítorí tìẹ ni mo ṣe yí ohùn padà. Bó o ṣe ń wò mí yìí, ìwọ lo fi okùn sí mi lọ́rùn, ẹ̀bi rẹ ò sì sí níbẹ̀."

Kò yẹ kí n sọ ti okùn yẹn. Ó nu fúláwà lọ́wọ́, ó di búrẹ́dì méjì fún mi, kò gba owó. Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń kórìíra ẹnu ara mi.

Àbámẹ́ta, 8

Mo kọ àtúnṣe, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Ẹ̀rù Ọ̀gá ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn á lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọn ò bá gbé e sókè, tí ọjà wá wọ́n sí i, èmi ni mo ṣe é. Bí wọ́n bá sì gbé e sókè, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wó lulẹ̀, èmi náà ni. Ibi yòówù tí mo bá yà sí, orúkọ mi ti ṣáájú mi débẹ̀.

Màámi ní mo ti rù.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo fi í ránṣẹ́. Ojú ewé mẹ́ta, sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, ẹ̀dà kan sí Ọ̀gá. Mo tẹ bọ́tìnnì náà, mo sì sá jáde kúrò nínú yàrá.

Kò pé wákàtí kan tí Ọ̀gá pè. "Bí o bá dúró níbẹ̀, ìwọ nìkan ni wàá dá dúró. Má pe orúkọ mi." Wọ́n pa fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà tí n kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbàkúùgbà tí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Mo pa á pátápátá, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Títí ìpàdé yóò fi kọjá, ẹni tó bá fẹ́ mi kó wá sílé.

Ajé, 17

Ọ̀la ni. Mo lọ aṣọ aláwọ̀ eérú, mo ní ó dà bí aṣọ ẹlẹ́jọ́, mo lọ òmíràn. Màámi tún bọ́tìnnì rẹ̀ rán.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Màámi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa bà ọ́, kó ṣáà má gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ."

Ìṣẹ́gun, 18

Ó ti parí. Mo wà nílé, mo ti bọ́ bàtà.

Yàrá náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Tábìlì gígùn, omi nínú ike, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń pariwo bí arúgbó tó ń hanrun. Ọ̀gá jókòó sí apá òsì, wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀, wọn kò gbójú sókè. Alága, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní kí n máa bá a lọ.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ò rí i mọ́. Mo bá ń sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún àbúrò mi. Mo ní, "Nínú ìwé tẹ́ ẹ kà, mo sọ pé oúnjẹ kò wọ́n fún oṣù márùn-ún. Àṣìṣe mi ni. Kò sẹ́ni tó béèrè iye oúnjẹ fún oṣù márùn-ún yẹn. Ìsọ̀ ti jóná, wọ́n sì ń tún iye àtijọ́ kọ. Mo gbé e bẹ́ẹ̀, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi iṣẹ́ mi gbé èlé sókè. Bí ẹ bá ní ìdí mìíràn, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n tèmi ò sí mọ́."

Ọkùnrin onígíláàsì kan ní ìpẹ̀kun tábìlì wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, madam. Oṣù kan kí a tó dìbò lẹ wá rí àṣìṣe tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ṣé èèyàn yín kan wà tó jẹ báńkì ní gbèsè, tí ìpinnu yìí máa dẹ̀ lọ́rùn?"

Ìbéèrè náà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ń bá a sùn tí mo fi ń bá a jí. Mo lè ní rárá. Ta ni yóò lọ wádìí? Mo wo Ọ̀gá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbójú sókè. Wọ́n mọ àbúrò mi, wọ́n ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Àbúrò mi. Ó ń ṣe búrẹ́dì. Ó jẹ báńkì ní owó ààrò."

Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Ọkùnrin onígíláàsì náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ti jẹun yó. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 20

Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò láago méjì. Èlé dúró síbi tó wà. Márùn-ún sí mẹ́rin. Wọn kò sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò.

Lẹ́tà kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi: wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìgbéga mi dúró "títí di ìgbà mìíràn." Mo rò pé màá sunkún. N kò sunkún. Ẹ̀rù ohun tí ọjà máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀ ò jẹ́ kí n ráyè.

Ẹtì, 21

Mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi láàárọ̀ láti fún un níròyìn ayọ̀. Mo tilẹ̀ sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà, èmi àgbà yìí.

Inú ilé iṣẹ́ náà tutù. Ènìyàn mẹ́ta péré ló wà níbi fúláwà. Níbi tí ààrò ńlá máa ń wà, kò sí nǹkan kan, àfi ilẹ̀ tó funfun ju èyí tó kù lọ, tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò mi ń koná sí ààrò alámọ̀ kékeré tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ààrò dà?"

"Mo ti tà á."

"Wọn ò gbé èlé sókè! Ṣé o ò gbọ́ ni? Kí lo tà á fún?"

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́." Ó dìde, ó gbọn eérú kúrò lórúnkún. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo tà á. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé mo ti san ti báńkì tán. Mo ní kó má baà sí okùn lọ́rùn yín. Mo pè yín, mo pè yín, fóònù yín ò lọ. N kò lè pe Màámi tàbí kí n wá sílé, wọn á ké mọ́ mi lórí pé mo ta ààrò. Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Mo mú fóònù jáde nínú báàgì. Ọjọ́rú ni mo tó tàn án, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹ̀rù bà mí láti ṣí wọn. Mo ń wá a lọ sísàlẹ̀, láàárín àwọn nọ́ńbà tí n kò mọ̀, títí mo fi rí orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. "Àǹtí, mi ò jẹ báńkì ní nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá bi yín lọ́la, ẹ là á mọ́lẹ̀ pé rárá."

"Ṣé wọ́n bi yín?" ó ní.

"Wọ́n bi mí."

"Kí lẹ sọ?"

Mo sọ fún un pé mo ní ó jẹ báńkì ní owó ààrò. Ó wò mí títí, ó wo ilẹ̀ funfun náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tó wà ní kékeré tó bá ti ṣubú tí kò fẹ́ kí n mọ̀ pé ó dun òun. Mo jókòó sórí àpò fúláwà. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà níwájú ìgbìmọ̀, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe òótọ́.